Àbẹ̀wò sí Sizewell B: Ẹ Tẹ̀ Lé Omi, Ẹ Ó Mọ Bí Iná Ṣe Ń Jáde

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibùdó iná núkílíà ló máa ń wá ibi tí yuréníọ̀mù, ohun ìdáná rẹ̀, wà. Wọn kì í rí i. Páìpù ni wọ́n máa ń rí, àti fáàfù, àti pọ́ǹpù, àti páìpù mìíràn lẹ́yìn páìpù. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ mójú kúrò lára yuréníọ̀mù, kí ẹ tẹ̀ lé omi. Omi mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan kì í sì í dà pọ̀ mọ́ èkejì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kò ní sọnù nínú ọ̀rọ̀ amọ̀nà.

Ibùdó tí a ń sọ ni Sizewell B, ní etíkun Suffolk, ní ìlà oòrùn England, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kékeré tó ń jẹ́ Leiston. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1987, iná rẹ̀ sì kọ́kọ́ wọ okùn iná orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọdún 1995. Nǹkan bí 1,200 mẹ́gáwáàtì ló ń gbé jáde. Kí ẹ lè fojú wọn ọ́n: ibùdó Egbin tó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, ní ìhà Ìkòròdú, ni a kọ́ láti gbé 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde, ẹ̀rọ mẹ́fà ló sì ń pín in ṣe. Ti Sizewell B, rìákítọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n ti ń la átọ̀mù, ló ń dá a ṣe. Àfiwé yìí kì í ṣe ti iye iná nìkan. Egbin ń fi gáàsì dáná, ó ń sọ omi di oru, oru ń yí tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tó ń yí jẹnẹrétọ̀, omi ọ̀sà sì ń mú oru náà tutù padà. Sizewell B ń ṣe ohun kan náà gan-an. Ohun tí wọ́n fi dáná àti òkun tó dípò ọ̀sà ni ìyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba àyè kí ẹ tó kúrò nílé

Ilé iṣẹ́ iná EDF ló ń darí ibùdó náà, àwọn ló sì ń ṣètò àbẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kàn yọjú sí ẹnubodè. Orí ìkànnì wọn ni ẹ ti máa yan ọjọ́, ẹ ó sì fi orúkọ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nítorí wọ́n ní láti yẹ ìwé olúkúlùkù wò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọjọ́ orí dáadáa bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ dání, nítorí wọn kì í gba ọmọ kékeré wọ inú ọgbà ẹ̀rọ.

Ibi tí tiwa ti máa ń bàjẹ́ ni orúkọ. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bọ́lá lè jẹ́ Mobọ́láńlé lórí ìwé ìrìnnà, kí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tún wà níwájú rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìrìnnà ni kí ẹ fi sílẹ̀, bó ṣe tò gẹ́lẹ́, kí ẹ sì mú ìwé yẹn gan-an wá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀dà tí ẹ tẹ̀ jáde tàbí fọ́tò tó wà lórí fóònù kò tó. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibùdó núkílíà ní Britain ń gbé ìbọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà gbé e níbòmíràn nílùú náà, kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ pé “ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ni.”

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ibùdó náà yóò wà nínú ìsinmi àtúnṣe. Ní nǹkan bí oṣù 18 síra wọn ni wọ́n máa ń pa rìákítọ̀ náà láti pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìdáná rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àkókò yẹn, òṣìṣẹ́ àlejò á kún ọgbà, tọ́báìnì á dákẹ́, àbẹ̀wò sì lè má ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà yín, ẹ ó kàn wo ẹ̀rọ tó sùn ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Aṣọ àti ẹrù

Ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn, bàtà pẹlẹbẹ tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Wọn yóò fún yín ní akoto, ìbọ̀wọ́, awò ìdáàbòbò ojú, ohun ìdíwọ́ ariwo fún etí, àti ẹ̀wù tó ń dán. Gèlè kò lè wọ abẹ́ akoto, agbádá àti ìró kò sì dára fún àtẹ̀gùn irin tí ènìyàn ń rí ìsàlẹ̀ láti inú rẹ̀. Ìbòrí tó lẹ̀ mọ́ orí kì í ní wàhálà, ṣùgbọ́n irun dídì tó ga bí òkè lè má jẹ́ kí akoto jókòó. Ẹ ronú sí i kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ onídìrí.

Fóònù, kámẹ́rà àti aago tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ kì í wọlé. Wọ́n á tì wọ́n pa mọ́ fún yín. Ẹ mú ìwé kékeré àti bírò lọ́wọ́, kí ẹ kọ́kọ́ bi amọ̀nà bóyá ẹ lè lò wọ́n. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amọ́kànṣiṣẹ́ nínú àyà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tó ń gba àyè, torí agbára mágnẹ́ẹ̀tì wà nítòsí jẹnẹrétọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́kọ́ dúró létí òkun

Láti London, ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street ni ẹ máa wọ̀ dé Ipswich, kí ẹ wá wọ èyí tó ń lọ Lowestoft, kí ẹ sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Saxmundham. Bọ́ọ̀sì tàbí takisí ló kù dé Leiston àti Sizewell. Bí ẹ bá gbé mọ́tò, A12 dé Yoxford, ẹ yà sí B1122. Ẹ fi wákàtí kan lé e: wọ́n ń kọ́ Sizewell C lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ akẹ́rù sì pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ lo wákàtí yẹn létí òkun kí àkókò tí wọ́n dá fún yín tó tó. Ẹ kọjú sí òkun, kí ẹ wá yíjú padà. Ilé funfun olórí róbótó ni ilé rìákítọ̀ Sizewell B. Ilé gígùn tó tẹ̀ lé e ni ilé tọ́báìnì. Àwọn ilé onígun tó tóbi, tí kò ní orí róbótó, ti Sizewell A ni. 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣiṣẹ́, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2006. Ẹ ó rí i pé kò sí ilé gogoro tó rí bí ìlù tó ń tú ìkùukùu sókè, èyí tí àwọn ènìyàn rò pé ó jẹ́ àmì núkílíà. Ilé gogoro yẹn, ibi tí omi kò tó ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Níbi tí òkun bá wà, òkun ni ilé gogoro.

Ẹ wo inú omi náà. Ilé irin méjì dúró níbẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun, ṣùgbọ́n wọ́n kéré. Ibi tí omi Sizewell A ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ òkun ló ń tẹ́ ìtẹ́ sórí wọn nísinsìnyí. Ti Sizewell B kò yọrí sókè. Ihò ńlá ló wà lábẹ́ ilẹ̀ òkun tó ń fa omi wá.

Ẹ lè ya fọ́tò létí òkun, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé dúróònù fò. Òfin ti ti ojú ọ̀run tó wà lórí ibùdó náà pa.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ omi mẹ́ta náà kí ẹ tó wọlé

Omi kìíní wà nínú ìkòkò irin tí ògiri rẹ̀ nípọn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Inú ìkòkò yìí ni ohun ìdáná wà: ìdì 193, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ 264 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 50,952 ọ̀pá lápapọ̀. Irin zirconium ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n to ègé yuréníọ̀mù sí, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju orí ìka ọmọdé lọ. Nígbà tí niútírọ́ọ̀nù, ègé bín-ín-tín inú átọ̀mù, bá kọlu átọ̀mù yuréníọ̀mù 235, átọ̀mù náà á là sí méjì, á tú ìgbóná sílẹ̀, á sì tú niútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta mìíràn jáde tó ń lọ kọlu òmíràn.

Omi ń wọ ibẹ̀ ní nǹkan bí 292°C, ó sì ń jáde ní nǹkan bí 325°C. Ṣùgbọ́n kì í hó. Ìfúnpá tó wà lórí rẹ̀ tó ìlọ́po 150 ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí, omi tí a bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò rí àyè hó. Iṣẹ́ méjì ni omi yìí ń ṣe. Ó ń gbé ìgbóná lọ, ó sì ń dín eré niútírọ́ọ̀nù kù, nítorí èyí tó bá ń sáré jù kì í sábà la átọ̀mù. Nítorí náà, bí omi bá sá kúrò, ìlà-átọ̀mù náà á dá fúnra rẹ̀. Ẹ rántí gbólóhùn yìí, a ó padà sí i, nítorí kò túmọ̀ sí pé ìgbóná dá.

Ìjánu méjì ni wọ́n fi ń dá a dúró. Èkíní ni ìdì ọ̀pá ìjánu 53 tó ń wọlé láti òkè. Wọ́n ń mu niútírọ́ọ̀nù bí yanrìn ṣe ń mu omi. Mágnẹ́ẹ̀tì tó ń lo iná ló di wọ́n mú, èyí ni pé bí iná bá lọ, wọn yóò já bọ́ sínú fúnra wọn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìkejì ni bórọ́ọ̀nù, èròjà tí òun náà ń mu niútírọ́ọ̀nù, tí wọ́n pò mọ́ omi náà. Ó máa ń pọ̀ nígbà tí ohun ìdáná bá ṣì tuntun, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí oṣù 18 á fi pé. Nígbà tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ohun ìdáná náà ti rẹ̀ nìyẹn.

Ìkòkò kékeré kan tún wà tí kò yẹ kí ẹ gbójú fò. Òun nìkan ni wọ́n ti jẹ́ kí omi kìíní hó díẹ̀. Ọ̀pá amúgbóná wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi títutù ń wọ́n láti òkè. Bí ìfúnpá bá fẹ́ wálẹ̀, wọ́n á mú un gbóná, bí ó bá fẹ́ lọ sókè, wọ́n á wọ́n ọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ibi ọ̀pá amúgbóná kan nínú ìkòkò yìí ni omi ti ń jò, gbogbo ibùdó náà sì dákẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ohun tó dà bí ọ̀pá igbómigbóná inú ilé ìwẹ̀, ó pa 1,200 mẹ́gáwáàtì.

Omi kejì ń pàdé ìgbóná omi kìíní nínú ìkòkò oru mẹ́rin tó ga gan-an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Omi kìíní ń gba inú páìpù, omi kejì wà lẹ́yìn òde rẹ̀. Ìgbóná ń kọjá, omi kò kọjá. Ìfúnpá omi kejì kò tó ìdajì ti èkíní, nítorí náà òun ń hó, ó ń di oru. Oru yìí ló ń jáde kúrò nínú ilé olórí róbótó lọ bá tọ́báìnì. Bí páìpù ìkòkò oru kò bá lu, oru tó dé ọ̀dọ̀ tọ́báìnì kò fara kan rìákítọ̀. Òun ló mú kí wọ́n lè mú àlejò wọ ilé tọ́báìnì.

Tọ́báìnì méjì ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí ní 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 60, ẹ ó rí 50. Òun ni 50 Hz tó wà lára gbogbo ohun èlò iná tí à ń lò ní Britain àti ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ibùdó tó tó báyìí ń lo tọ́báìnì ńlá kan. Méjì ni Sizewell B ní, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ Britain ti mọ ẹ̀rọ 660 mẹ́gáwáàtì ṣe dáadáa nígbà náà. Èrè rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ibùdó náà lè ṣiṣẹ́ ní ìdajì.

Omi kẹta ni òkun, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Rìákítọ̀ náà ń tú nǹkan bí 3,425 mẹ́gáwáàtì ìgbóná sílẹ̀. Iná tó ń di 1,200. Èyí tó kù, bíi 2,200, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbọ́dọ̀ lọ. Abẹ́ tọ́báìnì ni kọ́ńdẹ́ńsà wà, àpótí ńlá tí páìpù kún inú rẹ̀. Omi òkun ń gba inú páìpù, oru tó ti yí tọ́báìnì tán ń bọ́ lé e lórí, ó ń di omi padà, pọ́ǹpù á sì dá a padà sí ìkòkò oru. Omi òkun tó ń wọlé tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́ta (cubic metre) 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Táńkà omi Èkó tó ń gba 10,000 lítà, ẹ ka márùn-ún kí ẹ tó ṣẹ́jú. Omi yẹn ń padà sí òkun pẹ̀lú ìgbóná tó fi nǹkan bí dígírì 11 ju bó ṣe wọlé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò lè yẹ̀ ẹ́ wò: mẹ́gáwáàtì mẹ́rin ni ó ń gbà láti fi dígírì kan kún mítà onígun mẹ́ta kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 lọ́nà 11 lọ́nà 4, ó jẹ́ 2,200.

Ohun kan wà nípa kọ́ńdẹ́ńsà tí àwọn amọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí a kò bá bi wọ́n. Nígbà tí oru bá di omi, àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ á súnkì gan-an, inú àpótí náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo afẹ́fẹ́. Ìṣófo yìí ló ń fa oru gba inú tọ́báìnì; láìsí i, iná tó ń jáde á dín kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣófo á máa fa nǹkan mọ́ra. Bí páìpù kan bá lu, omi kejì kò ní jò sínú òkun. Òkun ló máa jò wọlé. Iyọ̀ á dé ìkòkò oru, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín omi kìíní àti ìkejì. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, àmọ́ nínú ilé yìí, omi kẹta lọ̀tá omi kejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn bí omi kejì ṣe ń gbé iná kọjá, tọ̀sán-tòru: iyọ̀ díẹ̀ bín-ín-tín á ti hàn lórí òǹkà.

Ìgbésẹ̀ 5: Nínú ọgbà

Wọ́n á yẹ ìwé yín wò, wọ́n á yẹ ara yín wò, wọ́n á sọ bí agogo ìkìlọ̀ ṣe ń dún àti ibi tí ẹ máa kó jọ sí. Ẹ fetí sí ìyẹn ju gbogbo ìtàn yòókù lọ. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun, kódà ìdìmú àgádágodo tí a so káàdì mọ́. Káàdì yẹn túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí ẹ kò rí.

Ilé tọ́báìnì ni àbẹ̀wò sábà máa ń dé. Wọn kì í mú àlejò wọ ilé rìákítọ̀ fúnra rẹ̀. Ariwo rẹ̀ wúwo, ó máa ń gba ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tún gbóná ju bí ẹ ṣe rò lọ, àní nígbà òtútù. Ẹ wo tọ́báìnì láti orí dé ìdí. Apá tó kéré ni oru kọ́kọ́ ń wọ̀, níbi tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga. Lẹ́yìn náà ni àwọn apá tó fẹ̀, níbi tí oru ti ń gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ fi ń gùn sí i bó ṣe ń lọ. Ní ìparí ìlà náà ni jẹnẹrétọ̀ wà, kò sì ga tó bí ẹni tí kò tíì rí i ṣe máa ń rò. Láti ibẹ̀, tiransifọ́mà tó wà níta ń gbé agbára iná náà dé 400,000 fólítì (volt) kí ó tó wọ okùn gíga.

Ẹ bi amọ̀nà ní ìwọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: mẹ́gáwáàtì mélòó ló ń jáde báyìí? Báwo ni omi òkun ṣe tutù tó lónìí? Ẹ ó rí i pé ìbéèrè méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Bí òkun bá tutù, kọ́ńdẹ́ńsà á ṣófo dáadáa, iná á lé díẹ̀. Bí ó bá gbóná, á dín. Ohun ìdáná kan náà, òkun ló yí òǹkà padà.

Bí wọ́n bá fi yàrá ìkọ́ṣẹ́ hàn yín, èyí tó jẹ́ àwòkọ yàrá ìdarí, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gba ìdánwò níbẹ̀. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ gidi máa ń padà síbẹ̀ léraléra láti ṣe àṣedánwò ìjàǹbá tí wọn kò tíì rí rí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tó máa ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Èkíní, ẹnu omi. Ọ̀pá irin ńlá ló ń kọ́kọ́ dá igi àti ìdọ̀tí dúró, lẹ́yìn náà ni asẹ́ ńlá olóbìrípo tó ń yí ṣáá. Ẹja tó bá há síbẹ̀, ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń dá a padà sí òkun. Wọ́n tún ń da èròjà kòlórín sínú omi kí àwọn ẹ̀dá oníkarahun má baà lẹ̀ mọ́ ara páìpù, torí tí wọ́n bá pọ̀, páìpù á súnkì bí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Jellyfish, ẹ̀dá òkun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, lè ya wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Ó ṣẹlẹ̀ ní Torness ní Scotland ní oṣù Kẹfà 2011, wọ́n sì pa rìákítọ̀ méjèèjì. Ó ṣẹlẹ̀ ní Gravelines ní Faransé ní oṣù Kẹjọ 2025, rìákítọ̀ mẹ́rin dákẹ́. Kò sí ewu ìtànṣán (radiation) nínú ọ̀kankan. Òkun tí kò rọ́nà wọlé ni.

Ìkejì, pípa òjijì. Ọ̀pá ìjánu já bọ́, ìlà-átọ̀mù dá. Ibí ni gbólóhùn òkè yẹn ti padà wá: ìgbóná kò tíì dá. Àfọ́kù átọ̀mù tó ti là tẹ́lẹ̀ ṣì ń tú ìgbóná sílẹ̀. Ní kété tí wọ́n bá pa á, ó ṣì tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju 200 mẹ́gáwáàtì lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 50. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, bíi 20. Ó dà bí ìkòkò irin tí a gbé kúrò lórí iná, àyàfi pé ti èyí kì í tutù tán fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa lọ yíká, pọ́ǹpù sì ń fẹ́ iná. Bí iná ìta bá lọ, jẹnẹrétọ̀ dísù mẹ́rin wà nílẹ̀. Ohun tó pa Fukushima ní Japan ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2011 nìyí: ilẹ̀ mì, àwọn rìákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dúró bó ṣe yẹ, àmọ́ ìgbì òkun bo jẹnẹrétọ̀ dísù mọ́lẹ̀, ìgbóná àṣẹ́kù sì yọ́ ohun ìdáná. Sizewell B ní ẹ̀rọ àfirọ́pò kan tó ń fi afẹ́fẹ́ tu ìgbóná náà dànù bí òkun kò bá ṣeé lò. Ẹ bèèrè rẹ̀, torí kì í sí lójú ọ̀nà àbẹ̀wò.

Ìkẹta, títan án padà. Ẹni tó bá rò pé wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnì ni yóò yà lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti pa á, gáàsì xenon 135 á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ohun ìdáná fún wákàtí mélòó kan. Átọ̀mù kan nínú gáàsì yìí ń mu niútírọ́ọ̀nù ju átọ̀mù kan nínú ọ̀pá ìjánu lọ. Nígbà mìíràn, ó sàn kí wọ́n dúró kó fúnra rẹ̀ kú. Ìdajì rẹ̀ ń lọ láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án.

Ìkẹrin, okùn iná. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2008, ibùdó èédú Longannet ní Scotland dákẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Sizewell B náà dákẹ́. Ìyípo 50 Hz yẹn wálẹ̀ kọjá 49, ẹ̀rọ aṣọ́nà sì já iná nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn kí gbogbo rẹ̀ má baà wó. Ẹni tó bá ti gbọ́ “grid ti ṣubú” ní Nàìjíríà mọ ìyókù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé agbára àpamọ́ wà nílẹ̀, àti pé wọ́n tètè gé ìka kan kí ọwọ́ má baà lọ.

Ìkarùn-ún ni gbígbó. Nígbà ìsinmi àtúnṣe 2021, wọ́n rí i pé páìpù irin kan tó yí ọ̀nà ọ̀pá ìjánu ká ti jẹ ju bí wọ́n ṣe rò. Ìsinmi náà gùn ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ lọ. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni wíwá ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ kò fi ní dúró pẹ́ níbi tí ìtànṣán wà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ní òǹkà

Òṣùwọ̀n tí ẹ ó gbọ́ ni millisievert. Ènìyàn kan ní Britain ń gba nǹkan bí 2.7 lọ́dún láti ibi gbogbo: ilẹ̀, oúnjẹ, ojú ọ̀run, àti ilé ìwòsàn. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ ibùdó núkílíà má gbà ju 20 lọ lọ́dún lẹ́nu iṣẹ́, kí ará ìlú má sì gbà ju 1 lọ láti inú iṣẹ́ irú èyí. Àlejò tó dúró nínú ilé tọ́báìnì kò gba ohun tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà níta. Àwọn tó ń gbé nítòsí ni wọ́n pín oògùn ayódíìnì fún láti tọ́jú sílé. Kì í ṣe oògùn àlejò, ẹ má sì lo irú rẹ̀ fúnra yín, nítorí kókó inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid nìkan ló ń dáàbò bò, ìgbà tí àwọn aláṣẹ bá sọ nìkan ló sì wúlò.

Ohun ìdáná tó ti rẹ̀ kò kúrò nínú ọgbà. Inú adágún omi jíjìn ló kọ́kọ́ ń wà fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń kó o sínú àgbá irin àti kọnkéré tó dúró gbẹ. Láti 2017 ni ilé àgbá yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ni ibi tí yóò ti lọ lẹ́yìn náà. Britain kò tíì ní ibojì abẹ́ ilẹ̀ fún un, amọ̀nà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láìyí i mọ́ra.

Bí ẹ kò bá rí àyè

Ẹ lè rí púpọ̀ láìwọ ọgbà. Láti Minsmere, ọgbà ẹyẹ tó wà ní àríwá ibùdó náà, ilé funfun náà hàn gedegbe lókè esùsú. Bí ẹ bá tún rìn lọ sí àríwá, ẹ ó dé Dunwich, ìlú èbúté ńlá nígbà kan rí, tí ìjì 1286 àti àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ sínú òkun. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Ẹ fi ojú yẹn wo òkìtì tó wà níwájú Sizewell, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín ìdí tí ìwé àṣẹ ibùdó tuntun fi kún fún ọ̀rọ̀ etíkun tó bẹ́ẹ̀. EDF tún ń kéde lórí ìkànnì wọn bóyá rìákítọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ àti iye tó ń gbé jáde. Ẹ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń kúrò ní Leiston kò pọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pàápàá lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí náà ẹ ti wo àkókò èyí tó máa gbé yín padà dé Saxmundham kí ẹ tó bọ́ sórí iyanrìn.